Ayò Orí Ẹ̀rọ àti Àwòrán Fínfín: Àyẹ̀wò Ìperí fún Òwò Kan

Ìfáárà

Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti ṣe lórí ìperí kò kéré rárá. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá Apá Kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó sì jáde ní 1990, pèsè ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa fóníìmù tàbí àfòmọ́ lónìí kò níí wá ọ̀rọ̀ tì. Ṣùgbọ́n àwọn òwò kan wà tí wọn kò tí ì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí a ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni òwò àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe géèmù fún kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù alágbèéká, àti ti àwọn tí ń ṣe ohun èlò tí a fi ń ya àwòrán lórí ẹ̀rọ.

Òwò náà ti wà ní ẹnu ọ̀nà wa báyìí. Ní 2012 ni Maliyo Games bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ọdún kan náà ni Kuluya àti Gamsole, tí Abíọ́lá Ọláníran dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Disney gbé fíìmù alápá púpọ̀ tí wọ́n pè ní Ìwájú jáde ní oṣù kejì ọdún 2024, Maliyo ni ó ṣe géèmù tí ó bá fíìmù náà rìn, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Disney Iwájú: Rising Chef. Orúkọ Yorùbá ni ó wà lórí iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, bí olùkọ́ kan bá fẹ́ ṣàlàyé fún kíláàsì rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ àti ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé lórí rẹ̀, Yorùbá á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó sọ gbólóhùn mẹ́ta.

Ìlú méjì ni àyẹ̀wò yìí gbé ojú lé. Ọ̀yọ́ ni ìlú tí òkìkí rẹ̀ ti kàn láti ọjọ́ pípẹ́ nípa igbá fínfín àti iṣẹ́ awọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1990, tí wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ojú ọ̀nà kan náà ni ìlú méjèèjì wà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ọ̀yọ́ lè wúlò fún ẹni tí ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ju ọ̀rọ̀ tí atúmọ̀ fi orí ara rẹ̀ hun lọ.

Ayò ni tàbí eré?

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn atúmọ̀ ni eré. Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré gbòòrò jù: eré ìje wà, eré òṣùpá wà, eré ìdárayá wà, eré orí ìtàgé sì wà. Bí a bá sọ fún àgbàlagbà kan ní ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ pé ọmọ rẹ̀ ti rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ eléré, ẹgbẹ́ bíi ti Ògúndé tàbí ti Dúró Ládípọ̀ ni yóò wá sí i lọ́kàn, yóò sì béèrè bóyá ọmọ náà mọ ijó jó.

Ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù wà nílẹ̀. Àwọn Yorùbá ń sọ pé ayò ọlọ́pọ́n. Ìdí wo ni a ṣe fi ọlọ́pọ́n yán ọ̀rọ̀ náà bí kò bá sí ayò mìíràn tí kò ní ọpọ́n? Ẹ̀yán yìí jẹ́ ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ayò lè dúró fún gbogbo ohun tí ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jókòó tì, tí ó ní òfin, tí ó sì ní ẹni tí yóò borí. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ pẹ̀lú ti tàn kálẹ̀: à ń ta ayò, à ń ta lúdò, à ń ta wọ́ọ̀tì. Nítorí náà, ayò orí ẹ̀rọ ni ó yẹ kí a máa pe géèmù kọ̀ǹpútà, kí a sì kúrú rẹ̀ sí ayò ẹ̀rọ nígbà tí kò bá sí ìdàrúdàpọ̀. Ẹni tí ń ta á ni atayò. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é ni ilé-iṣẹ́ aláyò. Àwọn kan lè sọ pé bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ ńkọ́, ṣé a kì í gbá a ni? Ẹni tí ó jókòó, tí ń fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì, kò gbá bọ́ọ̀lù kankan. Ayò ni ó ń ta.

Àǹfààní tí ó wà nínú yíyan ayò ni pé ó mú àwọn ìbátan rẹ̀ wá. Ọpọ́n ayò ní ojú 12. Ọmọ ayò jẹ́ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ ayò tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sí ojú kan ní ìhà ẹnìkejì, tí ó sì sọ iye tí ó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, atayò á jẹ ẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta dé ojú àmì ni ọ̀ta. Bí kò bá sí ẹni tí ó borí, wọ́n ta ọ̀mì. Kò sí èyí tí kò wúlò fún ayò ẹ̀rọ nínú wọn: jẹ fún gbígba ohun ìjà tàbí owó inú ayò, ọ̀ta fún ẹni tí ó dé ipò gíga jù lọ, ọ̀mì fún àbájáde tí kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Bí ayò bá sì fún atayò ní ohun kan lé e lórí ọ̀fẹ́, èènì ni. Kò yẹ kí a tún máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un, nítorí gbogbo ẹni tí ó ti ra gàrí rí ni ó mọ èènì.

Ó tọ́ kí a rántí níbí pé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti fi ayò ọlọ́pọ́n fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ gidi. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit, Amsterdam, fi kọ̀ǹpútà tí ó ní ọpọlọ 144 wo gbogbo ipò tí ọmọ ayò lè wà lórí ọpọ́n nínú irú ayò tí wọ́n ń pè ní Awari, èyí tí òfin rẹ̀ sún mọ́ ti Yorùbá pẹ́kípẹ́kí. Ipò 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Àwọn àgbà tí wọ́n ń ta ayò lábẹ́ igi kò nílò kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó fura sí èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kékeré pé ẹ̀rọ jẹ́rìí sí i. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń ronú kò níí rí àpẹẹrẹ tí ó dára ju èyí lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù ní apá yìí tí ó ti fa àríyànjiyàn, èyíinì ni orúkọ fún apá kọ̀ọ̀kan tí atayò gbọ́dọ̀ parí kí ó tó lè lọ sí èkejì. Ìpele ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ àwòrán orí ẹ̀rọ, ayàwòrán máa ń to àwòrán lé ara wọn bí ẹni to aṣọ lé aṣọ, ojú ọ̀run nísàlẹ̀, ilé lórí rẹ̀, ènìyàn lórí ilé. Ìpele ni ó bá ìtòléra yìí mu jù. A kò lè fi ọ̀rọ̀ kan náà pe nǹkan méjì nínú ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ibùsọ̀ ni a dábàá fún ti ayò. Nígbà tí ẹsẹ̀ ni a fi ń rin ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, tí ó ti ń mí, ni ibùsọ̀. Ohun tí atayò ń ṣe níbi tí apá kan parí sí gan-an nìyẹn.

Fínfín àti híhun

Oríṣi àwòrán méjì ni ó wà lórí ẹ̀rọ, ìyàtọ̀ wọn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn ẹyọ kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ojú ìran tí ó ní ẹyọ 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró ní ẹyọ 2,073,600 lápapọ̀. Ti èkejì kò ní ẹyọ rárá. Ohun tí ẹ̀rọ tọ́jú ni ìlà: ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe tẹ̀, ibi tí ó parí sí.

Àwọn tí ó gbìyànjú láti tú èyí tẹ́lẹ̀ sọ ti èkejì di àwòrán onílà. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti máa ń bu àbàjà àti pélé láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá gbọ́ onílà, ojú ènìyàn ni yóò máa wò. Ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣiṣẹ́.

Àwọn tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ti yanjú ìṣòro yìí láìmọ̀. Ẹni tí ń fín igbá kì í to ẹyọ. Ọ̀bẹ rẹ̀ ń tẹ̀lé ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá gbé igbá tí ó tóbi ju ti àná lọ fún un, yóò fín ọnà kan náà sí i ní títóbi, ìlà rẹ̀ kò sì níí já. Òdìkejì rẹ̀ ni ti ahunṣọ, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìsẹ́yìn. Ìbú òun òró òwú ni ọnà ara aṣọ òfì fi ń jáde. Ibi tí òwú méjì bá ti pàdé ni àwọ̀ ti ń yọ. Bí a bá fa irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fẹ̀, ihò ni a ó máa rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán ẹlẹ́yọ ṣe ń rí págunpàgun bí a bá sọ ọ́ di ńlá.

Àwòrán fínfín, nígbà náà, ni ti onílà; àwòrán híhun ni ti ẹlẹ́yọ; ẹyọ àwọ̀ sì ni orúkọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà ìṣẹ̀dá méjèèjì bá gírámà mu: àpètúnpè ni ó sọ ọ̀rọ̀-ìṣe fín àti hun di fínfín àti híhun, èyí tí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe láìronú. Àfiwé ti híhun kò sì jẹ́ ti orí ahọ́n lásán. Ẹ̀rọ ìhunṣọ tí Jacquard ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1804 ń fi páálí tí a lu ihò sí pàṣẹ ọnà fún òwú, láti ara irú páálí bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ ìṣírò sì ti rí ọ̀nà tí a lè gbà pàṣẹ fún ẹ̀rọ.

Àwòrán tí ń rìn kò nílò àlàyé gígùn. Àwòrán-arìn tó.

Pípamọ́ tí ń pa iṣẹ́ rẹ́

Ewu tí ó tóbi jù lọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ ńláńlá. Inú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kéékèèké tí a kọ sí orí bọ́tìnnì ni ó wà. Ohun èlò ìyàwòrán máa ń ní àṣẹ kan tí ó wí pé kí ẹ̀rọ fi iṣẹ́ pa mọ́ kí ó má baà sọnù, ó sì ní òmíràn tí ó wí pé kí ẹ̀rọ fi ìpele kan pa mọ́ kí ojú má rí i. Yorùbá ń lo pa mọ́ fún méjèèjì: à ń fi owó pa mọ́, olè sì ń fara pa mọ́. Bí atúmọ̀ bá kọ pa mọ́ sí orí bọ́tìnnì méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ya àwòrán láti òwúrọ̀ lè tẹ èyí tí kò yẹ, kí àwòrán kúrò lójú, kí ó rò pé ó ti wà ní ìpamọ́, kí ó sì pa ẹ̀rọ. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Ìdí mìíràn wà tí pa mọ́ kò fi dára. Pa rẹ́ ni àwọn olùkọ́ ti ń lò fún ohun tí a fi dọ́sítà ṣe sí ara pátákó, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ó bá pípa iṣẹ́ rẹ́ lórí ẹ̀rọ mu jù ú lọ. Ṣùgbọ́n pa mọ́ àti pa rẹ́ fi ojú jọ ara wọn jù láti wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú tẹlifóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. A dábàá tọ́jú fún ti àkọ́kọ́, bò fún ti èkejì, pẹ̀lú ṣí gẹ́gẹ́ bí òdì rẹ̀, kí pa rẹ́ sì dúró ní ipò tirẹ̀.

Àmì ohùn pẹ̀lú wà nínú ọ̀ràn yìí. Nínú ètò Unicode, èyí tí gbogbo ẹ̀rọ ń tẹ̀lé láti fi nọ́ńbà dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì ni a gbọ́dọ̀ so pọ̀. Ìrísí lẹ́tà tí wọn kò ṣe fún irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé àmì sí ibi tí kò yẹ, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aláyò tí ó bá fẹ́ kí ayò rẹ̀ sọ Yorùbá gbọ́dọ̀ yan ìrísí lẹ́tà kí ó tó yan àwọ̀. Láìsí àmì, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ di ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ohun tí ayò ní kí ọmọdé gbé nínú ẹ̀ka oko kì í ṣe ọkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a kọ fún ẹ̀rọ

Àwọn kan ti dábàá ẹ̀mí ẹ̀rọ fún ohun tí a ń pè ní sọ́fúwíà, kí ara ẹ̀rọ sì jẹ́ ti èkejì rẹ̀. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó ṣini lọ́nà. Ẹ̀mí ọ̀kan ni. A kì í dà á kọ. Sọ́fúwíà kan lè wà nínú ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, orí pé a lè dà á kọ yìí ni gbogbo òwò náà sì dá lé. Òfin ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀nà tí ó dára jù. Òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, ti 2022, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀. Ohun tí a kọ ni. Àkọsílẹ̀ àṣẹ ni a ó pe ètò kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ètò nìkan ti di ti rédíò àti ti ìnáwó. Àkójọ àṣẹ ni a ó pe odidi ohun èlò. Àkójọ àṣẹ ìyàwòrán, nígbà náà, ni ohun tí ilé-iṣẹ́ kejì nínú àwọn tí a dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ń tà.

Ní ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni kí ó dúró. Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ti pẹ́ lórí rédíò, ṣùgbọ́n àṣá kì í ṣírò, ọ̀kadà pẹ̀lú sì ń yára.

Títà, yíyá, yíyọ̀ǹda

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lọ ni ti owó. Ẹni tí ó san owó ayò ẹ̀rọ kò rà á bí ẹni ra ewúrẹ́. Kò lè dà á kọ kí ó tún un tà, kò sì lè sọ pé òun ni òun ni ín. Àṣẹ ìlò ni ó rà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀ lórí ayò. Ìpolówó ọjà àti ọjà inú ayò ni wọ́n fi ń jẹun. Nínú owó tí ó bá wọlé, ẹni tí ó ni ibi ìpàtẹ ń mú tirẹ̀ kí ó tó kan aláyò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Apple àti Google fi ń mú ìdá 30 nínú 100. Ní 2021 ni wọ́n sọ ọ́ di 15 fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, èyí tí Google fi mọ sí mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́ lọ́dún. Lábẹ́ irú ìdá bẹ́ẹ̀, bí àwọn atayò bá san ₦100,000, ₦70,000 tàbí ₦85,000 ni yóò dé ọwọ́ aláyò. Kí ni a ó pe èyí tí ó dúró lọ́nà? Ìṣákọ́lẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn, ṣùgbọ́n ohun tí àgbẹ̀ ń san ní ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́ ìjẹ́wọ́ pé ilẹ̀ ní onílẹ̀. Kì í sábà ga sí i nítorí pé iṣu ta. Owó ibodè ni ó tọ̀nà. Láyé àtijọ́, oníbodè máa ń wo ẹrù kí ó tó gba owó. Bí ẹrù bá ti pọ̀ tó ni owó ṣe ń pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹni tí ọnà jẹ́ tirẹ̀. Kí a gbà pé ilé-iṣẹ́ aláyò kan ní Èkó rí igbá kan ní Ọ̀yọ́, tí ó fẹ́ fi ọnà ara rẹ̀ ṣe ògiri ààfin inú ayò, tí wọ́n sì mú ìwé wá fún ẹni tí ó fín in, kí a kà á fún un ní Yorùbá kí ó tó fọwọ́ sí i. Bí ọnà náà bá jẹ́ àtinúdá rẹ̀, òfin dáàbò bò ó títí ayé rẹ̀ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. (Ti ọnà àjogúnbá gbogbo ìlú yàtọ̀, abala mìíràn nínú òfin ni ó sọ nípa rẹ̀.) Òfin náà ní kí gbígbé ẹ̀tọ́ fún ẹlòmíràn pátápátá wà ní kíkọ. Bí òǹkàwé ìwé bá sọ pé “wọ́n fẹ́ ra ọnà náà,” afíngbá lè rò pé igbá ni wọ́n ń rà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ó bá sọ pé “wọ́n fẹ́ yá a,” òun yóò máa retí ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé, nítorí a kì í dá ọnà padà. Mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀: ta igbá, fún ohun tí ọwọ́ lè gbé, gbé ẹ̀tọ́ fún, fún èyí tí kò ní àbọ̀, yọ̀ǹda ìlò, fún èyí tí ó ní gbèdéke. Owó tí ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lórí ti ìkẹyìn ni owó ẹ̀tọ́.

Ní ti yíyọ̀ǹda, ọ̀rọ̀ kékeré kan, nìkan, ni kí atúmọ̀ ṣọ́. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: “A yọ̀ǹda ọnà yìí nìkan fún ilé-iṣẹ́ náà.” “A yọ̀ǹda ọnà yìí fún ilé-iṣẹ́ náà nìkan.” Ti àkọ́kọ́ sọ pé ọnà kan ṣoṣo ni, ìyókù kò sí níbẹ̀. Ti èkejì sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, ẹlòmíràn kò lè lò ó. Ṣùgbọ́n kò sọ bóyá ẹni tí ó fín in wà lára ẹlòmíràn yẹn. Bí ó bá wà lára wọn, kò lè fín ọnà ọwọ́ ara rẹ̀ sí igbá tí yóò tà ní ọjà Akẹ́sán mọ́. Yorùbá kò fi èyí pamọ́ sínú nìkan. A gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síta. Bí àdéhùn bá ti ẹni tí ó fín in náà jáde, kí atúmọ̀ kọ “títí kan oníṣẹ́ fúnra rẹ̀.” Bí kò bá tì í jáde, kí ó kọ “yàtọ̀ sí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀,” kí ó sì kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbé gègé.